Ilé Tí A Kọ́ fún Àwọn Àgbà Tí Iyè Wọn Rá

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà dùn ní ẹnu, ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí ó ṣòro láti mú ṣẹ. Bí ó bá ṣe pé ara nìkan ni ó rẹ arúgbó, ọmọ a bu oúnjẹ fún un, a gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún un, a sì fà á lọ́wọ́ jáde láti yá oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé iyè ni ó rá ńkọ́? Bí ìyá bá wo ojú ọmọ tí ó bí, tí ó sì bi í léèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" kí ni ọmọ náà yóò wí? Bí ó bá di àṣálẹ́ tí baba di ẹrù rẹ̀, tí ó ní òun ń lọ sí ilé baba òun, nígbà tí baba rẹ̀ ti kú láti ọgọ́ta ọdún, tí ó sì jẹ́ pé inú ilé tí òun tìkára rẹ̀ kọ́ ni ó dúró sí, báwo ni a ó ti dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, àti ti àwọn ilé tí a ti kọ́ fún wọn láti ìgbà dé ìgbà, ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Àwa Yorùbá ní orúkọ fún ipò yìí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. A ní ó ń ṣarán. Nínú ọ̀rọ̀ náà ni èrò kan wà, pé ogbó ni ó fà á, àti pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá rò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí a mọ̀ pé àìsàn ni. Àwọn hóró inú ọpọlọ ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀, ó sì ní ju oríṣi kan lọ. Kì í ṣe gbogbo arúgbó ni ó ń ṣe, kò sì sí oògùn tí ó lè wò ó sàn pátápátá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àná ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ti ìgbà èwe a dúró pẹ́. Ìdí nìyí tí ìyá tí kò rántí pé òun ti jẹun fi lè kọ orin ìgbà ọmọdé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í kọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1901, a gba obìnrin kan sí ilé ìtọ́jú àwọn aṣiwèrè ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Orúkọ rẹ̀ ni Auguste Deter. Akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 51 ni, kò tí ì di arúgbó. Ṣùgbọ́n ó ti ń jowú ọkọ rẹ̀ láìnídìí, ó ń kó ohun ìní pamọ́ sí ibi tí kò lè rántí mọ́, ó sì ń rò pé àwọn ènìyàn ń gbìmọ̀ láti pa òun. Ní ọjọ́ kejì, dókítà kan tí ń jẹ́ Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó ní Auguste. Ó bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ní òun rò pé Auguste ni. Nígbà tí ó ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé, kò lè kọ ọ́ parí. Ó sì wí pé òun ti sọ ara òun nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn. Ẹni tí ó lè mọ̀ pé òun ti sọ ara òun nù, ènìyàn ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ tí ń wá ara rẹ̀ kiri. Gbogbo ìtàn tí a ó sọ lẹ́yìn èyí, ìtàn àwọn tí ó gbàgbé òtítọ́ yìí ni, àti ti àwọn tí ó tún un rí.

Ilé tí Auguste wà sàn ju ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ ní ìgbà náà. Emil Sioli, olórí ibẹ̀, àti Alzheimer kò fẹ́ kí a máa de aláìsàn mọ́lẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń tù wọ́n lára. Síbẹ̀ wọn kò rí nǹkan ṣe sí àìsàn náà. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1906. A fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Alzheimer, ẹni tí ó ti lọ sí Munich nígbà náà. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé àwọn hóró rẹ̀ ti run, pé ìdọ̀tí kan dì sí àárín wọn, àti pé àwọn okùn tín-ín-rín lọ́ mọ́ra wọn nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen, ṣùgbọ́n wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ní ọdún 1910, ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ.

Níhìn-ín ni àṣìṣe ńlá kan ti wọlé. Nítorí pé Auguste kò dàgbà púpọ̀ nígbà tí àìsàn mú un, a ka àrùn Alzheimer sí ti àwọn tí kò tí ì darúgbó. Bí ẹni ọgọ́ta ọdún ó dín bá ṣe é, a ní àìsàn ni. Bí ẹni ọgọ́rin ọdún bá ṣe é, a ní arán ni. Aláìsàn a máa rí dókítà. Ẹni tí ó ń ṣarán, ibi tí yóò sùn nìkan ni a ń wá fún un. Àṣìṣe yìí dúró fún bí ọgọ́ta ọdún, àwọn arúgbó ni ó sì jìyà rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ń sùn? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1834 ti dá àwọn ilé òtòṣì sílẹ̀ káàkiri. Ọkùnrin ń sùn ní apá kan, obìnrin ní apá kejì; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ó ti bá ara wọn gbé pẹ́ ṣe pínyà nígbà ogbó wọn. Arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ a bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ń pariwo tàbí tí ó ń rìn gbéregbère ní òru, wọn a kó o lọ sí ilé àwọn aṣiwèrè. Òfin ọdún 1948 pa òfin àtijọ́ náà rẹ́, ṣùgbọ́n òfin kì í wó ògiri. Nígbà tí Peter Townsend rìn káàkiri ilẹ̀ náà láti wo ilé àwọn arúgbó, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1962, ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ arúgbó ṣì ń gbé inú ilé òtòṣì àtijọ́, tí a kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní ọdún 1967 ni Barbara Robb tún tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹlòmíràn jẹ́rìí sí bí a ti ń fi ìyà jẹ àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn.

Ní Amẹ́ríkà, òfin owó ìrànwọ́ ti ọdún 1935 kò fi owó fún ẹni tí ó ń gbé inú ilé òtòṣì ti ìjọba. Ìpinnu wọn ni pé kí àwọn ilé náà lè tú. Wọ́n tú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó kò padà sí ilé ọmọ. Àwọn oníṣòwò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n sílé, tí wọ́n sì ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1965 ìjọba tún ṣe òfin tí ó mú owó wá fún irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pọ̀ sí i bí olú. Nígbà náà ni a kó ọ̀pọ̀ arúgbó kúrò ní ilé àwọn aṣiwèrè lọ sí inú wọn. Ọ̀nà àbáwọlé tuntun ni, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò yàtọ̀ púpọ̀: àgbà tí ó fẹ́ máa rìn, a fi ọ̀já dè é mọ́ àga, àgbà tí ó ń ké, a fún un ní oògùn oorun. Ó di ọdún 1987 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin múlẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ de arúgbó tàbí kí a fi oògùn mú un dákẹ́ kìkì nítorí ìrọ̀rùn àwọn òṣìṣẹ́.

Kí ni ó yí ọkàn àwọn ènìyàn padà? Ìmọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1968, Blessed, Tomlinson àti Roth ní ìlú Newcastle fi hàn pé ohun tí Alzheimer rí nínú ọpọlọ Auguste náà ni ó wà nínú ọpọlọ àwọn arúgbó tí ó ń ṣarán. Ní ọdún 1976, Robert Katzman ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé kò sí ìdí tí a ó fi pààlà sí àárín àwọn méjèèjì mọ́; àrùn kan náà ni, ó sì wà lára àwọn tí ń pa ènìyàn jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni arúgbó tí iyè rẹ̀ rá ti di aláìsàn ní ojú ayé, tí kì í ṣe àlòkù ènìyàn mọ́.

Lẹ́yìn ìmọ̀ ni ọgbọ́n ilé kíkọ́ dé. Ní ọdún 1974 a ṣí ilé kan ní ìlú Philadelphia, tí M. Powell Lawton, onímọ̀ nípa ìwà ènìyàn, bá wọn dá ète rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ilé ìwòsàn ni gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ jọ: ọ̀nà tóóró gígùn, ilẹ̀kùn níhìn-ín, ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, gbogbo wọn rí bákan náà. Bí ẹni tí iyè rẹ̀ pé bá wọ ibẹ̀, ó lè ṣìnà. Ẹni tí iyè rẹ̀ rá ńkọ́? Lawton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbàgede ńlá kan sí àárín, wọ́n sì to yàrá yí i ká, kí arúgbó lè máa wo ibi tí yóò ti jẹun àti ibi tí yóò sùn láti orí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú agboolé baba ńlá yín rí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń kọ́ agboolé, tí yàrá yí àgbàlá ká, tí ìyá àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń rí gbogbo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde.

Ní ọdún 1985, dókítà obìnrin kan, Barbro Beck-Friis, dá ilé mìíràn sílẹ̀ ní ìlú Motala ní ilẹ̀ Sweden. Kò kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ. Àwọn díẹ̀ ni ó fi sí ilé kan bí ìdílé: wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan, wọ́n ń bá ara wọn bó ọ̀dùnkún, wọ́n sì ń ká aṣọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tom Kitwood ti Bradford kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1997. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé àìsàn nìkan kọ́ ni ó ń run arúgbó. Bí a ti ń bá a lò náà ń run ún. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, bí a bá ń tàn án, tí a ń fi í ṣẹ̀sín, tí a ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀nba ohun tí ó kù nínú rẹ̀ yóò tètè lọ.

Ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti ìlú Weesp, nítòsí Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ilé ìtọ́jú lásán ni tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ilé yòókù. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, Yvonne van Amerongen, sọ ọ́ pé nígbà tí baba òun kú lójijì, ìyá òun dúpẹ́ pé kò wọ ilé ìtọ́jú arúgbó kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, nítorí pé irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bí àwọn yóò bá fẹ́ kí òbí àwọn wá síbẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn wọn jẹ́ pé rárá, wọ́n pinnu láti yí ilé náà padà. Ní nǹkan bí ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pín àwọn àgbà sí agbo kéékèèké gẹ́gẹ́ bí irú ìgbé-ayé tí olúkúlùkù ti gbé rí. Nígbà tí ó di òpin ọdún 2009, wọ́n ṣí ilé tuntun tí ó dàbí ìletò, tí wọ́n pè ní Hogeweyk.

Ilé 23 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí a ṣí i, àwọn àgbà bí 150 sì ń gbé inú wọn, mẹ́fà tàbí méje ní ilé kan. Òpópó wà níbẹ̀, ọgbà wà, ilé oúnjẹ wà, ilé eré wà, ṣọ́ọ̀bù sì wà tí a ti ń ra nǹkan ọbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í wọ aṣọ funfun bí ti ilé ìwòsàn. Inú ilé kọ̀ọ̀kan ni a ti ń se oúnjẹ, kí òórùn ọbẹ̀ lè máa sọ fún arúgbó pé ó ti di ìgbà oúnjẹ, nítorí pé imú a máa mọ ohun tí aago kò lè sọ fún un mọ́. Àgbà tí ó fẹ́ rìn, a jẹ́ kí ó máa rìn. Bí ó ti wù kí ó rìn jìnnà tó, inú ìletò náà ni yóò wà, nítorí pé ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó jáde sí ìgboro, a sì ń ṣọ́ ọ.

Àwọn kan ti bá wọn wí. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé a kọ́ ayé tí kì í ṣe ayé fún ẹni tí kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ̀sùn yìí wúwo, ó sì yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rò ó wò. Ìdáhùn tí àwọn ará Weesp fún wọn ni pé kò sí irọ́ níbẹ̀: ata tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, ata ni, ọbẹ̀ tí a sè, ọbẹ̀ ni, igi tí arúgbó jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní òjìji. Ní tèmi, mo gbà pé ìdáhùn náà tọ̀nà. Ọ̀ràn owó ni ó le ju èyí lọ. Láti ọdún 1968 ni ilẹ̀ Họ́láńdì ti ní òfin tí ó mú kí gbogbo ènìyàn jọ máa dáwó fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, owó ìjọba sì ni ó kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìletò náà. Ibi tí kò sí irú àjọdá owó bẹ́ẹ̀, ọlọ́rọ̀ nìkan ni ilé rere ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo ilé wa. Ní ọdún 1907 ni ìjọba àmúnisìn ṣí ilé àwọn aṣiwèrè sí Yábàá, èyí tí í ṣe ibi àhámọ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, ní Aró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe ohun tí ayé wá wò. Ó fi àwọn tí orí wọn dàrú wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó wà ní àyíká, ìbátan kọ̀ọ̀kan sì ń bá wọn gbé. Wọ́n ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sí àárín ènìyàn. Kì í ṣe àwọn arúgbó tí ń ṣarán ni ó dìídì ṣe é fún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà ni: pé abúlé ń ṣe ìwòsàn tí ògiri kò lè ṣe. Ọdún 55 lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọ́ abúlé ti Weesp.

Ìbàdàn pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ẹni tí ó kú ní 1995, Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà wò láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn. Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: nínú àgbà 1,000 tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú ní ọdọọdún ní Ìbàdàn, ní Indianapolis, bí 32 ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú iṣẹ́ wọn tí ó kàn wá jù. Ní Indianapolis, kí wọ́n tó lè rí gbogbo àwọn tí àrùn náà ń ṣe, ó di dandan kí wọ́n wọ ilé ìtọ́jú arúgbó. Ní Ìdíkàn, inú ilé ìdílé ni wọ́n ti bá wọn.

Ǹjẹ́ kí a máa yangàn nítorí èyí? Ẹ jẹ́ kí a ṣe sùúrù. Bí àrùn náà bá kéré lọ́dọ̀ wa, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Bí àwọn àgbà wa sì ti ń pẹ́ láyé sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tí ìbá máa bá wọn gbé ti lọ sí Èkó, wọ́n ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Inú ilé ìdílé tí a ń fi yangàn náà ni a ti ń ti àwọn mìíràn mọ́ yàrá kí àlejò má bàa rí wọn. Àdúgbò wa náà ni a ti ń wí pé ìyá arúgbó tí ń sọ̀rọ̀ lásán tí ó sì ń rìn ní òru, àjẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ni a sì ti fi ẹ̀sùn yìí lé kúrò nílé. Ẹni tí ó ń de ìyá rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn nílé kò sàn ju ẹni tí ó de é mọ́ àga ní ilé ìtọ́jú lọ.

Àwọn kan láàárín wa ń wí pé èèwọ̀ ni kí a mú òbí lọ sí ilé ìtọ́jú. Àwọn mìíràn ń wí pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ìtàn tí a sọ yìí kò dá ẹnikẹ́ni láre nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ó fi yé wa ni pé ilé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀, bí kò ṣe bóyá àwọn tí ó wà nínú ilé náà ṣì gbà pé ènìyàn ni ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Láti ilé òtòṣì dé ìletò Weesp, ọ̀nà tí àwọn aláwọ̀ funfun rìn lé ní àádọ́jọ ọdún. Wọ́n sì parí rẹ̀ sí ibi àgbàlá, ọbẹ̀ orí iná àti ènìyàn díẹ̀ tí ó mọ ara wọn. Ohun wọ̀nyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí a ṣe aláìní ni ìmọ̀ tí yóò jẹ́ kí a mọ̀ pé àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́, àti àjọdá owó tí yóò mú kí ẹrù náà má bàa wó lé ọmọbìnrin kan ṣoṣo lórí nínú ìdílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìyá àgbà bá bi yín léèrè ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá, ẹ dá a lóhùn nígbà mẹ́wàá. Bí ó bá ní òun ń lọ sí ilé baba òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ fà á lọ́wọ́, ẹ bá a rìn dé ẹnu-ọ̀nà, ẹ bi í bí ilé náà ti rí, àti ohun tí wọ́n máa ń jẹ níbẹ̀. Yóò sọ ọ́ fún yín, nítorí pé èyíinì kò tí ì nù lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ padà wọlé.